Tí àìsàn bá dé lóru Sátidé, ṣé ká gbé e lọ ni àbí ká dúró de Mọ́ńdè?

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Bàbá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní Kogi ni àwọn àti màmá wa ń gbé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà náà sì ti ń yọjú. Èmi nìkan ni mo wà nítòsí, Kàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n gbé aládùúgbò wa kan lọ sọ́sibítù lóru Sátidé kan báyìí, ilẹ̀ Sọ́ńdè kò mọ́ bá a. Àtìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń wí pé ẹni tó bá wọ ọsibítù láti ìrọ̀lẹ́ Fráìdè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ikú ló lọ bá, pé kò sí dókítà, fámásì wà ní títì, ẹni tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì ti lọ sílé ìyàwó. Bàbá ti wá sọ ọ́ lójú mi pé tí nǹkan bá ṣe òun lóru tàbí ní wíkẹ́ńdì, a ò gbọdọ̀ gbé òun lọ síbì kankan, ká fún òun lágbo ká dúró de Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó tún tì wọ́n lẹ́yìn, ó ní òun kà á lórí fóònù pé àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí ẹ̀, pé àwọn tó ń wọlé ní wíkẹ́ńdì ló ń kú jù. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni kéèyàn wá ṣe?

Ọ̀dọ́_Owé
Òótọ́ ni jàre. Ẹni tójú ẹ̀ kò tíì rí i ló ń jiyàn. A gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbì kan lálẹ́ Sátidé, àpéńdíìsì ni, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré láàrin wọ́ọ̀dù méjì, wọ́n ní dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ti lọ síbi ìsìnkú ní ìlú ẹ̀. Ọjọ́ kejì lọ́sàn-án ló tó dé. Ọmọ yẹn yè ṣá, àmọ́ ìfun ti bẹ́ sínú kí wọ́n tó là á, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ àṣemọ́jú, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, ta ló máa ń wá sí ọsibítù láago méjì òru? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í wá. Ẹni tó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ kì í wá. Ẹni tó ti ń gbóná láti Ọjọ́rú ni, wọ́n ti ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n ti fún un ní dírípù nílé, wọ́n ti gbàdúrà, ìgbà tó wá ń mí gúlegúle tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ ni wọ́n wá ń wá ọkọ̀. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé láago mẹ́wàá àárọ̀ Túsìdè o, kí gbogbo dókítà tó wà ní Kogi pé yí i ká, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Òru ni aráyé rí tí wọ́n ń bú, wọn ò ka ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti jẹ tán nílé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi mẹ́ta ni àkókò ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí a ń rò ó pé ká lọ àbí ká má lọ, ìgbà tí a wà lọ́nà, àti ìgbà tí a ti dé géètì tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni ti ọsibítù. Ẹni tó ní kí ẹ dúró de Mọ́ńdè ti fi wákàtí tó lé ní ọgbọ̀n kún ti àkọ́kọ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù ti ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, @Ọ̀dọ́_Owé, ẹ má bínú o, ọjọ́ wo ni inú ti ń dùn ún?

Ọ̀dọ́_Owé
Láti Tọ́sìdè ni 😐 Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé kí dókítà má sí níbẹ̀ o mà.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ òótọ́. Méjèèjì ló jọ ṣe é.

Ọmọ_Owé_UK
Ọ̀kún gbogbo ilé. England ni mo wà, inú ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò kí ń ṣe dókítà o, èmi ni mo máa ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìmáájẹ́ńsì lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yìí fa wàhálà níbí gan-an nígbà kan torí náà mo mọ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó kò parọ́, àmọ́ kò kà á tán. Ní 2001 àwọn oníṣègùn méjì ní Kánádà, Bell àti Redelmeier, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ìwé àwọn ọsibítù ìpínlẹ̀ Ontario láti 1988 sí 1997, àwọn tí wọ́n dá dúró níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Wọ́n mú 100 àìsàn tó ń pa èèyàn jù. Nínú 100 yẹn, 23 ló jẹ́ pé ẹni tó wọlé ní wíkẹ́ńdì ń kú ju ẹni tó wọlé láàrin ọ̀sẹ̀ lọ. Àwọn tó hàn gedegbe níbẹ̀ ni kí iṣan ńlá inú ikùn bẹ́, kí ọ̀nà ọ̀fun wú dí, kí ẹ̀jẹ̀ dídì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tó ń fẹ́ ọwọ́ tó yá àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ dédé kọṣẹ́, tàbí tí eegun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi kan. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni wíkẹ́ńdì ń bà jẹ́ nìyẹn.

Ní England níbí, mínísítà ìlera ìgbà yẹn, Jeremy Hunt, gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dání pé àwọn dókítà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ wíkẹ́ńdì bí ọjọ́ iṣẹ́, ó wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà kéékèèké ní 2016. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá tú u wò dáadáa, wọ́n rí i pé àwọn tó ń wọlé ní Sátidé àti Sọ́ńdè ti ń ṣàìsàn ju ti ọjọ́ yòókù lọ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, torí dókítà àdúgbò ò ṣí, ẹni tí àìsàn ẹ̀ ò le tó máa ń dúró sílé. Ohun tí nọ́ọ̀sì wa sọ lókè náà ni.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù kò kan ọjọ́ rárá. Ìwádìí kan jáde níbí ní 2022 lórí àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ti ní kó dúró sọ́sibítù, tó wá ń dúró de bẹ́ẹ̀dì, tó bá ti kọjá wákàtí márùn-ún láti ìgbà tó ti dé, ewu bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nínú ẹni 82 tí wọ́n dá dúró tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹnì kan á kú sí i láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ń rí wọn lójoojúmọ́, wọ́n tò sí kọ́rídọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, Ọjọ́rú ọ̀sán o.

Ọ̀dọ́_Owé
Ẹ ṣé, àmọ́ ẹ má fi tiyín wé tiwa o. Dókítà wà lọ́dọ̀ yín lóru, iye wọn ló dín kù. Níbí tí dókítà ò bá sí, kò sí nìyẹn. Tí iná bá lọ tí kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ọ́síjìn ò ní ṣiṣẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mélòó ló máa wá ṣe lọ́dọ̀ wa?

Ọmọ_Owé_UK
Mo gbà. Mi ò ní ìdáhùn síyẹn.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé lọ lóru lọ lóru, ṣé ẹ ti wakọ̀ ní ọ̀nà yìí lóru rí? Kàbà sí Lọ́kọ́ja, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì Ọbájànà á ti gba ojú títì, òmíràn bàjẹ́ síbẹ̀ láìsí iná, kòtò wà, àwọn ọmọ burúkú wà nínú igbó. Mo ti gbé aláìsàn rí tí a pàdé àwọn tó dínà, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹni tó ń ṣàìsàn lè yè kí àwọn tó gbé e má yè.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi ni pé tó bá ti di òru, ẹ má gbèrò ọ̀nà jíjìn. Ẹ lọ sí èyí tó sún mọ́ yín jù, ti ìjọba ni o, ti ìjọ ni o, kí wọ́n dì í mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di dandan kí ẹ lọ, ẹ pe àwọn fijilanté kí ẹ tó gbéra, kí ẹni tó wà níwájú mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ọkọ̀ méjì dára ju ẹyọ kan. Kì í sì í ṣe Lọ́kọ́ja nìkan lọ̀nà o. Ẹni tó wà ní Ìyámoyè, ọ̀nà Òmùò lọ sí Ìdó-Èkìtì lè yá a ju Lọ́kọ́ja lọ, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹni tó wà ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, ECWA Ẹ̀gbẹ̀ ló wà níwájú ẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìlọrin. Ẹ fi ọ̀sán jókòó ro ọ̀nà tiyín, òru kọ́ ni wọ́n ń ro ó.

Ìyá_Ìkókó
Bàbá dẹ́rẹ́bà, ẹ ṣé, àmọ́ ó ku ẹnì kan tí kò lè dúró dilẹ̀ mọ́, ẹni tó ń bímọ. Apá Bùnú ni ilé ọkọ mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Obìnrin bímọ nílé agbẹ̀bí láago mẹ́jọ alẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń jáde kí wọ́n jẹ́ kó jáde tán. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ọ̀kadà, tí wọ́n máa fi rí mọ́tò lójú ọ̀nà ńlá, ó ti tán. Wọ́n wá ní torí pé òru ni.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lè pa èèyàn láàrin wákàtí méjì. Kò mọ Sátidé, kò mọ Mọ́ńdè. Abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì, inú fíríìjì ló yẹ kó máa gbé, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti ń gba ìwé aláboyún pé tí iná bá lọ, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Oògùn kejì wà tí wọ́n ń pè ní tranexamic acid, láàrin wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Aláboyún tí gìrì sì mú, ọsibítù kékeré gan-an lè fún un ní magnesium sulphate kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síwájú, kó má baà gbọ̀n kú sọ́nà.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ dẹ́rẹ́bà lórí ibi tó sún mọ́ jù. Ọsibítù kékeré tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà lè fún un ní dírípù, ọ́síjìn, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí BP ẹ̀ ti ń wálẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó ti gba oògùn apakòkòrò, ìyẹn ò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Ọmọ_Ìyàrá
Mo ta kò yín díẹ̀ lórí ìyẹn o mà. Rọpárọsẹ̀ ni ti bàbá tèmi. A lọ síbi tó sún mọ́ jù, wọ́n dá wa dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kẹta wọ́n ń fún wọn ní dírípù, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán orí. Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ni wọ́n sọ fún wa pé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni òpin ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàwòrán kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì ni àbí iṣan ló bẹ́. Ọwọ́ bàbá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ibi kékeré mú yín dúró.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, ibi kékeré kì í ṣe ibùdúró. Kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́, kì í ṣe gbogbo ibi tó ní ẹ̀rọ ló ń lò ó lóru, ibi tó sì ní oògùn yẹn lórílẹ̀-èdè yìí ò pọ̀. Ẹ pè kí ẹ tó lọ.

@Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ohun tí ẹ máa wò nìyí: ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ kan tó ń jábọ́ tí ẹ bá ní kí wọ́n gbé méjèèjì sókè, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́. Ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Tí wọ́n bá ń làágùn tí wọ́n ń sọ kántankàntan, ẹ yẹ ṣúgà wò, ṣúgà tó wálẹ̀ jù máa ń ṣe bíi rọpárọsẹ̀. Tí ṣúgà bá wálẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n sì ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà.

Ọ̀dọ́_Owé
Ẹ fún wọn ní ásípírìnì náà. Òun ni wọ́n fún bọ̀dá wa nígbà tí àyà ń dùn ún. Kí ẹ sì fi nífé (nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) sábẹ́ ahọ́n kí BP wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ẹ JỌ̀Ọ́, RÁRÁ. Ti àyà yàtọ̀, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń kọṣẹ́ lè jẹ ásípírìnì lẹ́nu tó bá jẹ́ pé kò kọ̀ ọ́ lára. Rọpárọsẹ̀ tí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá iṣan ló bẹ́, ásípírìnì á dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú orí. Nífé abẹ́ ahọ́n náà, BP á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ tí ọpọlọ ń rí díẹ̀díẹ̀ yẹn á tún dín kù. Yàtọ̀ sí omi ṣúgà tí mo sọ lókè fún ẹni tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, àgbo náà wà lára ẹ̀, ọ̀fun tí kò ṣiṣẹ́ á gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọdé tí gìrì mú náà, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má na ẹsẹ̀ ẹ̀ síná. Ẹ dà á dẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ máa lọ.

Àgbẹ̀_Ejìbà
Ẹ má gbàgbé ti ejò o. Ìrọ̀lẹ́ ni ejò máa ń bu èèyàn jẹ jù lóko wa. Òkúta dúdú, gígé ẹsẹ̀ lábẹ, fífi okùn dì í pinpin, gbogbo ẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, ẹ so igi mọ́ ọn bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, kí ẹ gbé e. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, tí kò bá dì, oró ti wọlé nìyẹn. Iṣẹ́ yìí rọrùn, kò fẹ́ iná mànàmáná. Ohun tó le ni pé oògùn ejò kì í sí níbi gbogbo, torí náà ẹ pe ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má baà lọ jókòó tì wọ́n lásán.

Láàbù_Mọ̀pà
Láàbù ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òru ti máa ń há wa jù: ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù lágbègbè wa ni kò ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, tó bá sì wà ó lè má bá ti aláìsàn mu. Ẹ gbé aláìsàn wá láago kan òru pẹ̀lú ìyá arúgbó kan àti ọmọ kékeré kan, ta la máa fà lẹ́jẹ̀? Ẹ mú ọkùnrin tàbí obìnrin tó lágbára méjì dání, kí ẹ ti mọ gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ yín. A ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis), a ṣì máa pa á pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, ìyẹn náà ń gba àkókò. Fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, èyí ló ń dá wọn dúró ju dókítà lọ.

Olùkọ́_Gbẹ̀dẹ̀
Kí wá ni ti owó? Òfin ìlera orílẹ̀-èdè, ti 2014, apá 20, sọ pé kò sí ọsibítù tó gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu fún ìdí kankan. Ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà
Tíṣà, ẹ kà á fún ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó káàdì láago mẹ́ta òru ẹ wò ó. Ẹ mú owó dání, owó tí ẹ lè kà lọ́wọ́ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí, oní-POS ti sùn.

Olùkọ́_Gbẹ̀dẹ̀
Mo mọ̀, mo ń mú owó dání. Mo ń mú òfin dání pẹ̀lú.

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi gbogbo ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò mọ̀ pé 23 nínú 100 ni. Ohun tó kù ni bàbá. Màmá ní tó bá ṣẹlẹ̀, àwọn ò ní bi bàbá 😂 Ìbéèrè kan ló kù: ẹ ń sọ pé ká pè, nọ́ńbà ta ni? Èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù ọsibítù, mo pè é lánàá, kò lọ.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Nọ́ńbà bọ́ọ̀dù kì í ṣiṣẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ gba ti wọ́ọ̀dù ìmáájẹ́ńsì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà fóònù tara wọn ni. Ní Fráìdè ẹ lè béèrè ta ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bákan náà nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá wà, torí nígbà yẹn àwọn ti ìjọ ló sábà máa ń ṣí. Ẹ kọ orúkọ oògùn bàbá àti iye BP wọn sórí ìwé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà
Kí ẹ sì ní dẹ́rẹ́bà méjì, torí ẹnì kan lè ti rìnrìn àjò. Èmi wà ní Kàbà, ẹ wọlé sínú ínbọ́ọ̀sì kí n fún yín ní nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ Sọ́ńdè, mi ò ní gbé fóònù láàrin ìsìn, àmọ́ ìyàwó mi á gbé e.